Bẹ́ẹ̀díṣíìtì Funfun Tí Àlájì Sùn Lé

Ìtàn yìí kò ní í gùn. Mo fi ewú orí mi ṣèlérí: kí gààrí tí ẹ rẹ sómi tó wú, mo ti parí rẹ̀.

Ọgbọ̀n bẹ́ẹ̀díṣíìtì funfun ni Fulera rà wá sí Èsìẹ́ láti Ìlọrin. Oṣù mẹ́rin kọjá, ọgbọ̀n náà ló ṣì wà ní pálọ̀ bàbá ọkọ rẹ̀, Àlájì Tìjání. Òkìtì wọn ga débi pé àlejò tó bá jókòó lápá ọ̀tún kì í rí ti apá òsì. Ohùn nìkan ni wọ́n fi ń kí ara wọn.

Àlájì fara dà á títí. Láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan, ó ní, "Ìyàwó, tí ẹyọ kan ṣoṣo kò bá tà kí Jímọ̀ ọ̀la tó dé, kó wọn kúrò, kí o padà sídìí gààrí dídín."

Fulera rántí èéfín ìdí gààrí. Omi bọ́ lójú rẹ̀ láìsí iná níbẹ̀.

Agùnbánirọ̀ kan wà l'Ọ́mù-Àrán, Marvellous lorúkọ rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń tajà lórí Fesibúùkù. Ó ní ẹni tó bá ń pariwo "ẹ wá rà á" ń lé oníbàárà ni. Kí wọ́n kọ̀wé jẹ́jẹ́, kí fọ́tò mọ́, kí ènìyàn gidi wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n má sì dárúkọ owó rárá. Ẹni tó bá fẹ́ á bèèrè.

Ènìyàn gidi wo ló wà nílé lọ́sàn-án? Àlájì ni.

Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé wo ló máa sọ fún bàbá ọkọ pé, "Ẹ dùbúlẹ̀ kí n yà yín"? Fulera kàn tẹ́ ọ̀kan sórí bẹ́ẹ̀dì Àlájì, ó tún ká òmíràn lé e fún ìbora, ó lọ fara pa mọ́. Àlájì kírun ọ̀sán tán, ó wọlé, ó dùbúlẹ̀.

Gbì!

Kò pẹ́ tó ti ń hanrun. Fáànù ń fẹ́, òtútù mú un, ó fa aṣọ dé àgbọ̀n. Etí ń dùn ún láti ìjẹta, nítorí náà òwú wà ní etí méjèèjì. Fulera yà á. Ó gé fáànù kúrò nínú fọ́tò, ó gé rédíò kúrò, ó gé bàtà kúrò.

Ó kù kó kọ̀wé. Wákàtí kan gbáko ló fi kọ ọ́. Kò lè dárúkọ bàbá ọkọ, kò sì gbọdọ̀ sọ pé ó ń hanrun. Ó kọ, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ:

"Bísímílàhí. Ẹ wo Bàbá wa, ẹ wo aṣọ funfun. Ẹ dákun, ẹ fi àdúà ràn wá lọ́wọ́. Àlàyé kíkún ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́."

Ó kà á lẹ́ẹ̀méje. Kò rí àbùkù kankan níbẹ̀. Ó fi ránṣẹ́, ó bá lọ fọ aṣọ ní kọ̀rọ̀.

Tín! Tín! Tín-tín-tín!

Ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè ka fóònù, ṣùgbọ́n ó ń ka tín. Nígbà tó pé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ibi tóun ti máa rí mẹ́rin kún ọgbọ̀n.

Kó tó ronú tán, èrò ti dé. Àbúdùlàhí, àbúrò Àlájì, ló ṣíwájú. Ọ̀kadà ló gbé e láti Àjàṣẹ́-Ìpo, ṣọ́bìrì wà lórí itan rẹ̀, torí òkú Mùsùlùmí kì í dúró. Àwọn obìnrin tẹ̀lé e, wọ́n ń sunkún. Inú Fulera dùn. Kò mọ̀ pé ọjà òun ń pa àwọn ènìyàn lẹ́kún tó báyìí.

"Ẹ má sunkún," ó ní, "á kárí. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí kálukú kọ́kọ́ mú."

Wọ́n ní ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú.

Gìrìgìrì ẹsẹ̀ jí Àlájì. Ó yọjú lójú fèrèsé ẹ̀yìn, ó rí i tí àwọn èrò ń tò de òkú fún ìrun jànásà. Mùsùlùmí rere kì í bèèrè kó tó ṣe àlùwàlá. Ó gbé búùtà, ó ṣe é, ó lọ dúró ní sàfú iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àbúdùlàhí, tòun ti òwú létí.

"Ta ló kú?" ó bèèrè jẹ́jẹ́.

Àbúdùlàhí kò gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ọlọ́hun á fọ̀run kẹ́ ẹ," ni Àlájì wí.

Àbúdùlàhí ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Yàà! Sàfú túká. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ ń dun òun láti ọdún tó kọjá ló kọ́kọ́ dé títì. Ẹ̀rín ń pa mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, Fulera kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó fẹ́ pa fọ́tò náà àti ohun tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ rẹ̀ rẹ́. Àlájì yọ òwú létí.

"Kọ́kọ́ kà á fún mi ná."

Ó kà á. Ẹnìkan ní òpó Èsìẹ́ ló wó. Ẹni tó máa ń pe Àlájì ní ahun kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kì í dì. Àlájì tún fìlà ṣe.

"Máa kà á lọ, ìyàwó. Kí ló ń lé ọ?"

Ó ku ọ̀kan. Ràímì ará Àrándùn ni, ẹni tí òun àti Àlájì kò kí ara wọn láti ọdún mọ́kànlá nítorí ààlà oko iṣu. Àlájì dìde jókòó.

"Ràímì náà kọ̀wé? Rọra kà á."

Fulera kà á: "'Innà lilláhi. Èló ni aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ yẹn? Ṣé kì í tètè gbó?'"

Àlájì wo òkìtì aṣọ náà.

"Sọ iye rẹ̀ fún un," ni Àlájì wí. "Fi ẹgbẹ̀rún méjì lé e."

Bí Fulera ṣe bọ́ lọ́wọ́ gààrí nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó dé Àrándùn pé Àlájì ṣì wà láàyè o. Méjì ni Ràímì rà, ó sì ti ní òun á wá mú mẹ́ta sí i lọ́jọ́ fídáù Àlájì.