Òfin Tuntun ní Ìlú Ẹsẹ̀ Òsì: Akéde Kò Gbọdọ̀ Pariwo Mọ́

Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Ẹsẹ̀ Òsì, iná ti tán láṣọ, èékánná ṣì ń wá ohun tí yóò pa!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Láwoyin akéde tún dé! Láwoyin, a-fohùn-ṣílẹ̀kùn-láì-ní-kọ́kọ́rọ́! Ó ké lẹ́ẹ̀kan, àtàǹpàkò pọ́n. Ó ké lẹ́ẹ̀kejì, ọrùn ẹsẹ̀ gbóná. Ó ké lẹ́ẹ̀kẹta...

Yéè! Àtàǹpàkò ti tún wú. Ẹ foríjì í. Yóò rẹ ohùn sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ o, jẹ́jẹ́.

Ẹ rántí ọjọ́ tí Bàbá Owóẹyẹ, ẹni tó ni ẹsẹ̀ yìí, tẹ ẹ̀gún nínú oko kòkó. Láwoyin ló kọ́kọ́ figbe ta pé àlejò burúkú wọlé. Ó kan ilẹ̀kùn, àwọn aṣọ́nà ṣí i. Àṣà wa sì ni pé ilé tó bá gbọ́ ìkéde gbọ́dọ̀ rán akéde méjì mìíràn jáde. Àwọn náà ké. Ẹ̀jẹ̀ ya dé. Ọmọ ogun funfun ya dé, wọ́n jẹ kòkòrò tó bá ẹ̀gún wọlé bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Iṣẹ́ Olódùmarè ni!

Ṣùgbọ́n ìyàwó Bàbá ti fi abẹ́rẹ́ yọ ẹ̀gún. Kòkòrò ti kú. Ẹ ṣì ń ké! Akéde ń ké, akéde ń gbè é, bí ọ̀pọ̀lọ́ ẹ̀yìn òjò! Ọmọ ogun kò rí ọ̀tá mọ́, wọ́n wá ń na onílé!

Lọ́la sì ni ìgbéyàwó Morádékẹ́, àbíkẹ́yìn Bàbá. Bàbá ti sọ̀yà pé òun fúnra òun ni yóò fà á lọ́wọ́ dé iwájú pẹpẹ. Bàtà dúdú ti ń dán nílẹ̀. Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kò wọ̀. Ó fi òróró pa ẹsẹ̀, kò wọ̀! Àbúrò rẹ̀ ní kó wọ bàtà lọ́tùn-ún, kó wọ sálúbàtà balùwẹ̀ lósì. Ẹ̀tẹ́ rèé!

Nítorí náà, Kábíyèsí Orí pàṣẹ:

Èkíní. Akéde kankan kò gbọdọ̀ pariwo. Kò gbọdọ̀ pariwo! KÒ GBỌDỌ̀... Yéè. Ẹ foríjì í. Ẹni tó bá pariwo, a ó lé e jáde nílùú pẹ̀lú ìtọ̀.

Èkejì. Kí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ilẹ̀kùn tí kò ní yàrá lẹ́yìn, kó gbé e sójú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Kí akéde máa kàn án títí ohùn yóò fi há. Ẹni tó bá lọ kọ́ yàrá sẹ́yìn rẹ̀, ìtọ̀ ni yóò bá lọ!

Ẹ̀kẹta. Kí àwọn tó jọ akéde ṣùgbọ́n tí wọ́n yadi jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbogbo. Kí wọ́n máa jẹ obì. Bí akéde bá fẹ́ kọjá, kí wọ́n wò ó lójú.

Ẹ̀kẹrin. Ilé tó bá gbọ́ òfin yìí kò gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni jáde láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú gbọ́dọ̀ gbọ́! Láwoyin béèrè bí wọn yóò ṣe gbọ́. Wọ́n ní kó lọ ké e.

Elédùmarè, má jẹ̀ẹ́ ká fi ìgbèjà pa ẹni tí à ń gbèjà. Àmín.

Orí ló sọ ọ́, ẹnu ló gbé e, àtẹ́lẹsẹ̀ ló jẹ́rìí. Ẹni tó gbọ́, kó gbọ́ mọ́ inú.

Ó ku ilé kan tí kò tíì gbọ́ òfin, ilé Ìyá Àjítọ́ni, aṣọ́nà àtàǹpàkò. Láti ọjọ́ ẹ̀gún, Ìyá kò kọ ohùn Láwoyin rí. Bó bá ti kanlẹ̀kùn, wọn a ṣí i, wọn a rán méjì jáde, wọn a tún bu omi fún un mu. Láwoyin sì ti dé ẹnu ọ̀nà náà. Ó ti gbé ọwọ́ sókè. Bí a ṣe dá a nìyẹn, kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Ìyá Àjítọ́ni, Láwoyin fẹ́ kanlẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i.