Igbá Ìdána Bàbá Elépo

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé? Ẹni tó bá ní òwe yìí ti wà kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa, kó panu mọ́. Èmi ni mò ń sọ̀tàn.

Ilé epo kan ṣoṣo ló wà nílùú Òkè-Ọ̀sàn, láti ìgbà tí wọ́n ti ń fọwọ́ yí ẹ̀rọ kí epo tó jáde. Bàbá Ajéwọlé ló ni ín. Àṣà ibẹ̀ ni pé epo díẹ̀ tó bá ṣẹ́kù sínú rọ́bà gígùn tí epo ń gbà jáde lẹ́yìn títà, ti àwọn géńdé abẹ́ igi máńgòrò ni. Wọ́n á rọ ọ́ sí ọ̀kadà wọn. Nítorí èyí, mọ́tò tó bá kú lórí òkè ìlú náà, àwọn ni wọ́n ń tì í, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyàwó Bàbá ti kú. Ó wá rí opó kan ní ìlú kejì, Ìyá Tinúọlá, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Obìnrin náà dá ọjọ́ fún un, ó ní kó gbé igbá ìdána wá kí oòrùn tó kan àtàrí. Bàbá ò pe mọ̀lẹ́bí kankan, kí wọ́n má baà béèrè oúnjẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, dípò kó fi ojúlówó epo sínú mọ́tò Pijó rẹ̀, ó gbọn rọ́bà, ó fún un bí ẹni ń fún aṣọ. Kò tó o. Ó tún gba ike tí àwọn géńdé rọ tiwọn sí, ó dà á sínú táǹkì tìdọ̀tí tomi.

“Bàbá, tiwa ńkọ́?” Oyèdòkun, olórí wọn, ló béèrè.

“Ta ló ni ilé epo?”

Kò tíì gun òkè dé ìdajì tí Pijó fi húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ló bá kú. Bàbá juwọ́ sí àwọn géńdé. “Ẹ dákun, ẹ wá bá mi tì í.”

Oyèdòkun gòkè wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Bàbá, àjẹkù inú rọ́bà ló ń ti mọ́tò. Ẹ sì ti kó gbogbo rẹ̀.”

Bàbá ká agbádá, ó fẹ̀yìn tì í. Pijó yí sẹ́yìn, ó lé e sọ̀kalẹ̀ títí tí mọ́tò náà fi kó sí gọ́tà. Kí ló kù? Ó gbé igbá rù. Àádùn ń dà sílẹ̀, ewúrẹ́ kan ń tẹ̀ lé e, ó ń lá a. Oòrùn ti kọjá àtàrí kó tó débẹ̀.

“Ta ló ru igbá?” Ìyá Tinúọlá bi í.

“Èmi ni.”

“Odindi ìlú, ẹ ò rẹ́ni bá yín rù ú? Bàbá, ẹni tí ò ṣẹ́ nǹkan kù fún ará ilé ò ní ṣẹ́ nǹkan kù fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa gbé e lọ.”

Ó dun Bàbá wọnú egungun. Ó gbé igbá sórí, ó dorí kọlé. Bó ṣe ń kọjá níwájú ilé epo, àwọn géńdé dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

“Bàbá, ẹ kú ẹrù o.”

Títí dòní, ẹnikẹ́ni kì í gbọn rọ́bà nílé epo yẹn. Ẹ wá rí i báyìí pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ti Bàbá Ajéwọlé tilẹ̀ le: ó rù ú lọ, ó rù ú bọ̀, ewúrẹ́ ló sìn ín délé.