Tábìlì Inú Fóònù tí Àlàájì Ubaydullah Dojú Rẹ̀ Dé

Ẹjọ́ kan dé iwájú àwa ìgbìmọ̀ ní ìgà Olóyè wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó lánàá, irú èyí tí àwọn aṣòfin kò ronú kàn rárá. Olùpẹ̀jọ́ ni Àlàájì Salahudeen ti Olówógbowó, akọ̀wé kóòtù ní Igbosere kí ó tó fẹ̀yìn tì. Olùjẹ́jọ́ ni Àlàájì Ubaydullah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-kéú, ẹni tí ọmọ rẹ̀ mú lọ máa gbé ní Ìkòyí lọ́dún tó kọjá. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ta ayò lójúkojú. Láti ìgbà tí Ìkòyí ti gba ọ̀kan, inú fóònù ni wọ́n ń ta á: áàpù kan wà tó ń ya tábìlì, ọpọ́n àti ọmọ ayò síwájú ẹni, tí èèyàn ń fi ìka ṣà wọ́n bí ojúlówó.

Ọpọ́n gidi tí olóògbé Rájí, ọ̀gá wọn nínú ayò, fi sílẹ̀ wà níwájú Olóyè. Ẹni tó bá ṣe ọ̀ta lọ́dún, tó pa èkejì láyò jù, ni ọpọ́n náà ń bá gbé.

"Olóyè," Salahudeen bẹ̀rẹ̀, "mo ti jẹ ọmọ ayò mẹ́tàlélógún. Méjì péré ló kù kí n gba ọpọ́n. Bí mo ṣe na ìka ni tábìlì fò sókè, tí ọmọ ayò fọ́n káàkiri. Áàpù náà ní bọ́tìnnì kan fún ẹni tí inú bá ń bí, láti dojú tábìlì dé. Ubaydullah ló tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé òótọ́ ni?" Olóyè bi olùjẹ́jọ́.

"Kí ó kọ́kọ́ fi tábìlì náà hàn wá, Olóyè. Kò lẹ́sẹ̀, káfíńtà kankan kò kàn án. Ohun tí kò sí, ta ló lè dojú rẹ̀ dé?"

"Nídìí kí ni o wá jókòó sí fún oṣù mẹ́jọ?"

"Nídìí fèrèsé mi. Lásìkò náà gan-an, ìrun Alásárì ni mo ń kí. Fóònù wà lápò jalamíà. Bí mo ṣe forí kanlẹ̀, orúnkún mi tẹ bọ́tìnnì. Àbí kí n tọrọ àforíjì nítorí ìforíkanlẹ̀?"

Wọ́n pe Hàlímọ̀, ìyàwó Ubaydullah.

"Alásárì kẹ̀? Ẹ̀wà àti búrẹ́dì ni Àlàájì ń jẹ! Wọ́n pariwo pé, 'Ó ti pa mí!' Mo rò pé olè ló wọlé."

"Hàlímọ̀!" ọkọ rẹ̀ ké.

"Ẹ má bínú, Bàbá Mariyah. Mo ti búra."

Jimoh, aránṣọ tó máa ń wo ayò wọn lórí fóònù tirẹ̀, dìde.

"Tábìlì dojú dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n mọ́kàndínlógún ni Àlàájì Salahudeen jẹ."

"Ọ̀pẹ!" Salahudeen jágbe mọ́ ọn. "Kí lo mọ̀ nípa ayò?"

"Mo mọ kíkà, sà. Ìgbà kẹfà sì nìyẹn tí tábìlì máa dojú dé, gbogbo ìgbà tí ayò bá ti fẹ́ tán."

Olóyè, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, yíjú sí Ubaydullah.

"Ìgbà kẹfà? Nítorí kí ni?"

Ubaydullah ń wo ilẹ̀.

"Bí ayò bá tán, Olóyè, Salahudeen yóò ní ó dìgbà, yóò sì pa fóònù. Bí tábìlì bá dojú dé, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní Ìkòyí, ajá aládùúgbò nìkan ló ń kí mi."

Salahudeen ń yẹ fìlà rẹ̀ wò bí ẹni tí ohun kan sọnù nínú rẹ̀. Olóyè dájọ́:

"Ubaydullah, o jẹ̀bi. Níwọ̀n bí tábìlì náà kò ti sí, ìtanràn tí kò sí ni kí o san, kí o san án lójú ẹsẹ̀. Gbé ọpọ́n Rájí lọ sí Ìkòyí. Salahudeen, kó ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta lọ sí Olówógbowó. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ rán ọlọ́kadà sí èkejì, mo gbẹ́sẹ̀ lé e."

"Olóyè," Salahudeen fèsì, "báwo ni a ó ṣe wá ta á?"

"Ìyẹn kò sí nínú ìwé ẹ̀sùn rẹ."

Wọ́n jáde. Ẹnu ọ̀nà ìgà ni wọ́n dé tí wọ́n fi jókòó ti ọpọ́n. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni àwa ìgbìmọ̀ fi ń fo ọpọ́n kọjá kí a tó lè relé.