Agolo Karùn-ún Tó Ṣáájú Ìkẹrin

Ẹ bá mi kí ara mi. Èmi ni Aurélien Bastide, olùdarí fíìmù, ìràwọ̀ tó ń tàn lọ́sàn-án gangan kí ẹnikẹ́ni má baà rí i, akọni tí Páríìsì gbàgbé láti ọdún méjìlélógójì. Fíìmù mẹ́rin ni mo ṣe láyé mi. Mẹ́ta jóná mọ́ ilé ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀kẹrin ló ṣẹ́kù, ẹ̀dà kan ṣoṣo, nínú agolo márùn-ún, lábẹ́ ibùsùn mi ní Vernassac, láàárín àwọn òkè Auvergne. Ó ti ń jẹrà, ó ń rùn bí ọtí kíkan.

Gbogbo ìlú ló mọ̀ mí, nítorí mi ò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Bí ìyá oníbúrẹ́dì bá ní, "Ẹ káàárọ̀," èmi á ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ yìí jọ èyí tí mo yà lọ́dún 1974." Ó ti mọ̀ pé kí òun tètè di búrẹ́dì mi.

Nígbà tí ilé ìpamọ́ fíìmù kan ní Páríìsì kọ̀wé pé Màdáámú Thévard ń bọ̀ wá wo fíìmù náà, mo kúnlẹ̀. Bó bá fẹ́ràn rẹ̀, wọn á tún un ṣe, wọn á sì tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá fẹ́ràn rẹ̀, yóò jẹrà lábẹ́ ibùsùn. "Olúwa," mo ní, "kí ẹnì kan péré rí i. Mi ò ní gbéra ga." Mo rò pé Ọlọ́run rẹ́rìn-ín.

A fi í sí ọ̀sán Sunday, nínú gbọ̀ngàn sinimá ìjọ, níwájú Fada àti gbogbo ẹgbẹ́ sinimá wa. Ghislaine Pouzet ló ń yí ẹ̀rọ. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ kọ́ katikísìmù ní kékeré.

"Ghislaine, ṣé ojú rẹ ríran ṣá?"

"Mo rí irun tí o fi bo orí pípá. Lọ jókòó."

Ẹ jẹ́ kí n sọ fíìmù náà. Ọmọkùnrin kan ti ogun dé pẹ̀lú àìsàn. Nínú agolo kẹrin, ó ń bá ìyá rẹ̀ mu ọbẹ̀. Nínú ìkarùn-ún, wọ́n sin ín sínú yìnyín, a sì kọ "Ìparí." Ìyá tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà tí mo ń yà á lọ́dún 1974. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ sí Máàsì, síbẹ̀ mi ò rí nǹkan kan kọjá sàréè yẹn.

Agolo kẹta parí. Yìnyín ni mo rí, àti pósí. Mo ta gìrì. "Ìparí" yọ sójú ògiri. Mo ti dìde láti lọ fún Ghislaine lọ́rùn, ni ògiri bá tún tàn. Òkú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin jókòó ti tábìlì, ó ń ya búrẹ́dì. Ìyá rẹ̀ bu ọbẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí iná tàn, Màdáámú Thévard ń nu ojú. Mo rọra padà jókòó.

Nínú ẹgbẹ́ sinimá wa, a kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọlé láìtíì jiyàn lórí fíìmù. Màdáámú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá Bastide, níbo lẹ ti rí irú ìgboyà yìí? Ẹ kọ 'Ìparí,' ẹ sì ní kò tíì parí!"

Mo tún ìborùn mi ṣe. "Màdáámú, ọdún mẹ́ta ni mo fi rò ó. Mo gbààwẹ̀ lé e lórí. Ikú ló kọ 'Ìparí' yẹn. Èmi onígbàgbọ́ ló ní kí eré máa lọ."

Àtẹ́wọ́ dún. Fada pàápàá dìde dúró.

"Páríìsì ìgbà yẹn ńkọ́?" mo ní. "Orí wọn ò gbé e!"

Ni fèrèsé iyàrá ẹ̀rọ bá ṣí lẹ́yìn wa. Ghislaine yọrí.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin èèyàn! Ẹ̀bi mi ni. Agolo karùn-ún ni mo fi ṣáájú ìkẹrin. Mi ò mú awò ojú mi wá. Aurélien, dárí jì mí, mo ba fíìmù rẹ jẹ́."

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi.

"Ọdún mẹ́ta?" ìyá oníbúrẹ́dì béèrè.

"Pẹ̀lú ààwẹ̀!" ẹnì kan fèsì.

Ẹ̀rín bú. Fada rọra jókòó. "Aurélien," ó ní, "Sátidé ni mo ń gbọ́ ìjẹ́wọ́. Tètè dé o, tìrẹ á pẹ́."

Màdáámú Thévard nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Báwo ni tiyín gan-an ṣe parí?"

"Sàréè," mo ní. "Sàréè nìkan."

"Èyí tí mo rí ni mo fẹ́ gbé lọ. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ ni fíìmù. Èwo ni ká tọ́jú?"

Mo wo fèrèsé òkè. "Ti Ghislaine," mo ní.

Báyìí ni wọ́n ṣe gbé e lọ. Orúkọ méjì ló wà lára agolo rẹ̀ báyìí, tèmi àti ti Ghislaine.

Ní Sunday tó tẹ̀lé e, nínú Máàsì, a dé ibi tí gbogbo ìjọ ti ń sọ pé a gba àjíǹde òkú gbọ́. Ibẹ̀ ni ikọ́ ti máa ń mú mi láti ọdún 1974, kí n má baà sọ ọ́. Ghislaine na ọrùn sí mi láti ẹ̀yìn.

"Aurélien, èyí ńkọ́? Ṣé ìwọ náà lo kọ ọ́?"

Ẹ̀rín já lu ikọ́ mi lọ́nà ọ̀fun. Kí n tó mọ̀, ọ̀rọ̀ àjíǹde náà ti jáde lẹ́nu mi.