Alága Tó Gba Ẹgbẹ̀rin Nínú Ẹ̀jẹ̀

Ọdún mọ́kànlélógún ni Alága-Títí ti jókòó sórí àga ẹgbẹ́ káfíńtà, kò sì ní in lọ́kàn láti dìde. Òun fúnra rẹ̀ ló kan àga náà: ó fi ìka mẹ́rin ga ju ti gbogbo èèyàn lọ. Tí wọ́n bá kí i láìfi "Ọlọ́lá jùlọ" kún un, etí rẹ̀ á di.

Lọ́dún yìí ni ọ̀dọ́ káfíńtà kan tí wọ́n ń pè ní Rúlà ní òun náà fẹ́ du ipò. Ó ní Bàbá ti ń tiro. Òótọ́ ni: ẹsẹ̀ òsì Alága ti wú, ìyàwó rẹ̀ sì ti sọ̀rọ̀ títí, ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Agbára ló wọ ibẹ̀," ni Alága wí.

"Agbára wo ló ń wọ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

Alága wúkọ́, ó lọ wá fìlà rẹ̀.

Kó lè pa Rúlà lẹ́nu mọ́, ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ó padà wálé tẹ̀rín-tẹ̀rín bí ẹni tó yege ìdánwò. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pílétílẹ́ẹ̀tì. Ìwé ní kò yẹ kó kọjá àádọ́ta lé ní irínwó. Ti Alága jẹ́ ẹgbẹ̀rin.

"Ẹgbẹ̀rin! Ọkùnrin méjì ni mí!" ló ń pariwo. "Kí Rúlà mú tiẹ̀ wá!"

Ó ṣe fọ́tòkọ́pì ọgọ́rùn-ún, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀bù káfíńtà.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, ìyàwó rẹ̀ fẹ́ fọ ṣòkòtò rẹ̀ ló bá rí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú àpò. Ìsàlẹ̀ ìwé àyẹ̀wò náà ni, tí ẹnì kan ti fi àlùmọ́gàjí gé kúrò. Ó kà á. Ó sáré gbé e lọ bá dókítà obìnrin tó wà ní òpópónà kejì.

"Màmá, èyí kì í ṣe máàkì," ni dókítà wí. "Pílétílẹ́ẹ̀tì ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì téèyàn bá fara gé. Tó bá pọ̀ báyìí, ó lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ kan ti sá pamọ́ sínú ara, òun ló ń mú kó pọ̀. Pílétílẹ́ẹ̀tì náà á wá bò ó mọ́lẹ̀, kí ara má baà rí i bá jà. Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?"

"Òsì ti wú."

Dókítà dìde. "Ẹ̀jẹ̀ ti lè dì síbẹ̀. Tó bá já lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa wọ́n. Mò ń pe ọkọ̀ ọsibítù. Níbo ni wọ́n wà?"

Alága wà lórí pèpéle ní gbọ̀ngàn ìdìbò, ó ń fi ìwé àyẹ̀wò fẹ́ atẹ́gùn sí ara rẹ̀. "Ta ló tún gba ẹgbẹ̀rin níbí?" Gbọ̀ngàn ń pàtẹ́wọ́.

Láti ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, ìyàwó rẹ̀ kò já a ní koro níta rí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró títí ó fi dé iwájú.

"Ọlọ́lá jùlọ, ẹ ka èyí tó kù."

"Èwo ló kù?"

"Èyí tí ẹ gé." Ó gbé bébà náà sókè, ó kà á sókè: "Iye yìí léwu. Kí ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ yìí rí dókítà lónìí." Ó wo ọkọ rẹ̀. "Ọjọ́ kẹsàn-án rèé."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn: "Àṣé àìsàn la ti ń pàtẹ́wọ́ fún látàárọ̀!"

Alága fẹ́ fi ìbínú sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀. Wọ́n fẹ́ bọ́ bàtà ẹsẹ̀ náà kúrò, bàtà kọ̀ kò bọ́. Rúlà ló kúnlẹ̀, tó rọra fi ọ̀bẹ gé e: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira." Ẹsẹ̀ náà yọ jáde lójú gbogbo ẹgbẹ́, ó ń dán, ó tóbi bí ìrọ̀rí.

Ní ọsibítù, wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ dídì ní itan rẹ̀, wọ́n sì bá jẹjẹrẹ kékeré ní ìfun rẹ̀. Wọ́n gé e kúrò kó tó tàn kálẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde kúrò ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, akọ̀wé bèèrè ẹni tó ṣì fẹ́ Alága. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló nà sókè, láti orí ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé e wọ ọkọ̀ ọsibítù lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀kan," ni akọ̀wé wí.

"Ẹ tún un kà! Ṣé ẹ ti ka ti ìyàwó mi?"

Ìyàwó rẹ̀ fa ọwọ́ náà wálẹ̀. "Èmi kì í ṣe káfíńtà. Ẹ kó ọwọ́ yín wọlé, wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀."