Ọ̀pá Aṣọ Tó Wà Lẹ́yìn Haruomi

Gbòsà!

Haruomi tún ti forí gbá máìkì.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú!" Ó ń bẹ̀ mí, ó sì ń tẹríba bó ṣe ń bẹ̀ mí.

Gbòsà!

Èmi ni mo ni yàrá tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ yìí, ní Koenji nílùú Tokyo. Orin pọ́ńkì ni Haruomi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ, orin àwọn tí inú ń bí. Èmi ò fẹ́ràn orin èébú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kórìíra èébú tó, mo kórìíra irọ́ jù ú lọ. Ẹni tó bá ní òun ò ní tẹríba fún ẹnikẹ́ni, kó má tẹríba!

Orúkọ ẹgbẹ́ wọn ni Àwọn Aláìgbọràn. Haruomi ló ń kọrin. Ó kun irun rẹ̀ ní pupa, ó gbé e nàró bí ogbe àkùkọ, ó fi píìnì gún etí méjèèjì. Banri ló ń ta gìtá. Chizuko ló ń lu ìlù, ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Àwọn aláìgbọràn yìí kan náà ló bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n tò ó lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì kọjú rẹ̀ síta.

Ẹ̀rín ń pa mí!

Àwo orin wọn àkọ́kọ́ nìyí, ó sì ku orin kan ṣoṣo. Lọ́la ni wọ́n máa wó ilé tí yàrá mi wà. Bí orin yẹn ò bá wọlé lónìí, kò sí àwo mọ́. Báyìí ni orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin àgbà, mi ò ní tẹríba fún yín!"

Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Lójoojúmọ́, Haruomi a fi irun dúdú àtọwọ́dá bo ogbe rẹ̀, a lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá kan, a máa tẹríba fún gbogbo oníbàárà tó bá ń wọlé. Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun nìyẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà ju orí rẹ̀ lọ. Bó bá ti lè pe "Ẹ̀yin àgbà" báyìí, ẹ̀yìn á tẹ̀, iwájú orí á bá máìkì.

Gbòsà!

"Haruomi, ṣé orin lò ń kọ ni, àbí ò ń ta fìlà?" Chizuko bi í.

"Kì í ṣe èmi o! Ẹ̀yìn mi ni!"

"Fi ẹ̀yìn ẹ sílé, kó o máa bọ̀!"

Banri ní, "Ṣé ká yí ọ̀rọ̀ orin padà ni? Kó kọ ọ́ pé 'Ẹ̀yin ọmọdé, mi ò ní tẹríba fún yín.'"

Mo ní, "Ta ló ń tẹríba fọ́mọdé tẹ́lẹ̀?"

Chizuko fò síta. Nígbà tó máa padà, ó fa ọ̀pá oparun gbọọrọ kan lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé kejì. Wọ́n ti ọ̀pá bọ inú jákẹ́ẹ̀tì aláwọ Haruomi, wọ́n so ó mọ́ ọn lẹ́yìn láti ìdí dé ọrùn, orí ọ̀pá sì yọ sókè ju orí rẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin náà nàró gbọnran bí òpó iná.

"Ó yá, tẹríba ká wò ó."

Ó gbìyànjú. Ọ̀pá ké: kẹ́ẹ̀! Kò tẹ̀.

Mo tan ẹ̀rọ. Ìlù bú: gbàgà-gbàgà-gbàgà! Gìtá ń han wìn-ìn-ìn bí ayùn tó pàdé ìṣó. Haruomi la ẹnu: "Ẹ̀yin àgbààà..."

Ilẹ̀kùn ṣí.

Bàbá Mukoyama tó ń gbé nílé kejì ni, alága àdúgbò wa, ẹni jẹ́jẹ́ tí kò gbóhùn sókè rí láyé rẹ̀. Ó tẹríba. "Ẹ má bínú pé mo dí yín lọ́wọ́. Ó jọ pé ariwo yín pọ̀ díẹ̀."

"Ẹ má bínú, bàbá," Haruomi ní. Ó nàró gbọnran.



Bàbá rò pé bóyá ọmọ náà ò rí òun ni. Ó tún tẹríba, ó lọ sílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́. Òógùn bo Haruomi. Ó fipá fẹ́ tẹ ẹ̀yìn, ọ̀pá ké kẹ́ẹ̀, ó ṣì ń wo orí pípá bàbá láti òkè.

Bàbá gbójú sókè díẹ̀díẹ̀. Ó wo àyà. Ó wo irun pupa. Ó wo orí ọ̀pá.

Pátá bàbá fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níbẹ̀.

"ÌWỌ YÌÍ!" Máìkì gbọ̀n rìrì. "Mo tẹríba, o nàró! Mo tún tẹríba, o tún nàró! O wá fi pátá mi ṣe àsíá! Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń sọ pé kò burú, kò burú! Ajá ará òkè ń gbó, kò burú! Ará ilé kẹta ń gbé ìdọ̀tí síta lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìdọ̀tí, kò burú! Ó BURÚ! Ó BURÚ! GBOGBO YÍN LẸ BURÚ!"

Chizuko kì í ṣe òpè. Bí bàbá bá ti ní "Ó burú," ó fọ́ ìlù mọ́ ọn: gbàgà! Banri náà gbá gìtá tẹ̀ lé e. Ohùn bàbá ń ya bí páànù tí ìjì ń ká kúrò lórí ilé. Ó ké, ó ké, títí èémí fi tán nínú rẹ̀. Ó wá já pátá rẹ̀ gbà, ó ká a sápò, ojú sì tì í.

"Ẹ má bínú. Ẹnu mi gùn díẹ̀."

Mo wo ẹ̀rọ. Iná pupa rẹ̀ ṣì ń tàn. Mi ò rántí pa á.

"Ẹ̀gbọ́n," Haruomi rọra béèrè, "ṣé ó wọlé?"

"Ó wọlé."

Mo gbé e sí i, gbogbo wa gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá Mukoyama fọwọ́ bo ẹnu. Mo ti mọ̀ pé á ní kí n pa á rẹ́, á sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó wúkọ́.

"Ibi tí mo ti dárúkọ ajá yẹn," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè tún un kọ? Inú ò tí ì bí mi dáadáa níbẹ̀."