Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ Bá Ti Fẹnu Kàn

Bàbá Kọ́kọ́rọ́, tó ń ṣọ́ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé, jókòó sẹ́nu géètì, ó ń nu kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Agbẹnusọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an yìí, ojú ń tì í láti jẹ́ ẹ.

“Ọ̀rẹ́ mi, báwo ni? Ṣé o jáńkó?”

Agbẹnusọ dijú. “Bàbá, ohun tí mo bá wá gan-an nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ‘jáńkó’ mọ́.”

“Kí ló dé? Ṣebí pé ara èèyàn dá ṣáṣá ló túmọ̀ sí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà, títí di ọjọ́ Ẹtì tí ẹ fi kí wa. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó jáńkó mọ́ nínú ilé yìí.”

“Yéè! Gbogbo yín ń ṣàìsàn?”

“Ara wa le, sà! Ọ̀rọ̀ yẹn ló kú. Nínú ọ̀rọ̀ táwa akẹ́kọ̀ọ́ ń dá sílẹ̀, èyí tẹ́ ẹ bá ti fẹnu kàn, ó di ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn, kò ṣeé sọ lójú ọ̀rẹ́ ẹni mọ́. ‘Ṣọ́rọ́kọ́’ ńkọ́, tá a fi ń pe kíláàsì tó gùn jù? Ọ̀sẹ̀ kan péré ló lò láyé.”

“Ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu mi tó bẹ́ẹ̀!”

“Ẹnu yín náà ló pa á, sà.”

“Èwo ló wá kù?”

“Ẹyọ kan péré, ‘gbìrìgí.’ Tí olùkọ́ bá ń ṣàlàyé, tí nǹkan kan ò yé wa, tá a kàn ń mi orí bí ọlọ́gbọ́n, a gbìrìgí nìyẹn. Oṣù mẹ́ta la fi wá a, sà. Ẹ bá wa dá a sí.”

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín náà ò tẹ́ Agbẹnusọ lọ́rùn rárá.

“Ìgbà wo lẹ fọ balùwẹ̀ yẹn gbẹ̀yìn?”

“Balùwẹ̀ kẹ̀, sà?”

“Lọ́la, tí gbogbo yín bá pé jọ, màá kàn dìde ni, màá ní, ‘Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ gbì…’”

“Bàbá!” Agbẹnusọ fọwọ́ méjèèjì di etí. “A máa fọ̀ ọ́!”

“Ògiri ńkọ́?”

“Tògiri-tògiri!”

“Ìgbà wo?”

“A ti bẹ̀rẹ̀, sà!”

Ó fò dìde, ó sáré wọlé bí ẹni tí ajá ń lé. Kò pẹ́ tó tún yọjú padà, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sí èjìká, ojú rẹ̀ ti ń dán bí ẹni tó rọ́gbọ́n tuntun dá.

“Kí ló tún kù?”

“Bàbá, tí kò bá ní nira fún yín, tá a bá pé jọ lọ́la, ẹ ṣáà bá wa sọ ‘ìdánwò.’ Ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó láti pa á.”